Àpótí Tí Ebi Ń Pa

Bí ẹ bá dé àdúgbò Òkè-Àró ní Ìkìrun, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń wí pé, "Kí ẹ tó ní àpótí kú, ẹ wo àwọn tó ń bá a jẹun." Àlejò á máa wojú wọn. Àpótí wo ló ń jẹun? Ta ló sì ń bá a jẹ ẹ́? Àwọn kan tilẹ̀ máa ń rò pé pósí ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe pósí o.

Ìbídùn ló ni àpótí náà. Òun ló máa ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ládùúgbò. Àpótí ọ̀hún kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, inú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kó àwòrán àti ohùn pamọ́ sí. Kò ní bátìrì tirẹ̀. Okùn kan ló so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ibi okùn yẹn náà ló ti ń rí iná jẹ.

Nínú rẹ̀ ni ohùn Àsàbí wà, ìyàwó Bàbá Àjàní, tó ti kú. Níbi ìgbéyàwó àbígbẹ̀yìn wọn, obìnrin náà dìde láàárín èrò, ó ki ọkọ rẹ̀ títí gbogbo ilé fi ń hó. Ìbídùn nìkan ló gbà á sílẹ̀, kò sí níbòmíràn láyé. Lọ́jọ́ tí ikú Àsàbí pé ọdún kan, Bàbá pe Ìbídùn lórí fóònù.

"Etí mi ti ń lọ, ìyá mi. Mò ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ nígbà tí mo ṣì lè gbọ́."

"Ó wà digbí, sà," ni Ìbídùn dá a lóhùn.

Àṣé ìlérí dùn ún ṣe. Iná ti lọ ní gbogbo àdúgbò láti ìjẹta. Kọ̀ǹpútà alágbèéká Ìbídùn, tó gbé lọ gba iná sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, nìkan ló ṣì ní ẹ̀mí. Ìròyìn kì í pẹ́ ká: ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Ìyá Ṣékinà fi gbé fóònù rẹ̀ dé, télọ̀ òdìkejì tẹ̀ lé e, bíríkìlà náà dé. Ìbídùn ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń pín ojú kan lára kọ̀ǹpútà sí púpọ̀, ibẹ̀ ló ń ki okùn gbogbo wọn bọ̀. Kò lè kọ̀ fún wọn. Ìyá tó bí i ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í fi iná du ẹni tó wá fọnná. Bí aládùúgbò bá bu ẹ̀yinná nínú ààrò rẹ, ààrò rẹ kò ní torí ẹ̀ kú.

Nígbà tí oòrùn ga, ó so àpótí mọ́ ojú tó ṣẹ́kù lára ẹ̀rọ náà. Iná kékeré orí rẹ̀ tàn. Inú Ìbídùn dùn. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tà, ó tún gbọ́ tà, bí ìgbà tí èèyàn ń pòṣé, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Kọ̀ǹpútà kò rí nǹkan kan.

Ó yọ ọ́, ó tún un kì bọ̀. Tà. Tà. Ó fi aṣọ nu ẹnu okùn, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbàdúrà lé e lórí. Tà. Ó pe Kọ́láwọlé, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òṣogbo.

"Ṣé ó ń dún tà-tà?"

"Ó ń dún."

"Há! Ó ti kú nìyẹn, àǹtí. Ẹ gbé e wá kí n tú u wò, ṣùgbọ́n mi ò ṣèlérí o. Òmíràn wà, bí a bá ti tú u, ó parí."

Ìbídùn gbé fóònù sílẹ̀. Kí lòun fẹ́ wí fún Bàbá? Pé Àsàbí tún kú lẹ́ẹ̀kejì, lọ́wọ́ òun? Ó ń wá àpò tí yóò fi gbé e lọ Òṣogbo lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ọ̀pá Bàbá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìbídùn, mo ti dé o. Níbo ni ìyàwó mi wà?" Bàbá jókòó, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá fẹ́ obìnrin.

Ìbídùn kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ... ẹ fún mi láyè díẹ̀." Omijé ti lé ròrò sí i lójú.

Orí ìkúnlẹ̀ ló wà tí Ìyá Ṣékinà fi já wọlé, kò tilẹ̀ rí Bàbá. "Ìbídùn! Irú iná wo lèyí? Láti àárọ̀ tí fóònù mi ti wà níbí, kò rí nǹkan kan jẹ! Ṣé àwọn yòókù ti jẹ ẹ́ tán ni?"

Ìbídùn gbójú sókè. Ó wo àwọn fóònù náà, gbogbo wọn rọ̀ mọ́ ojú kan ṣoṣo bí ọmọ ajá mọ́ ọmú. Ó wá yé e. Iná ààrò ni ìyá òun ń sọ. Ẹ bu ìyẹn yí àdúgbò ká, kò ní dín. Ti kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀: èyí tí ẹnì kan bá jẹ, ẹlòmíràn kò ní rí i jẹ mọ́. Ìwọ̀nba tó dé ọ̀dọ̀ àpótí tó láti tan iná orí rẹ̀, kò tó láti yí ohun tó ń yí nínú rẹ̀.

"Ẹ gbà, ẹ gba fóònù yín, ẹ má bínú!" Ó já gbogbo wọn. Ó ju ẹ̀rọ tó ń pín in sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó so àpótí nìkan mọ́ ara kọ̀ǹpútà gan-an, ó sì dijú.

Kò dún tà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wùùù, jẹ́jẹ́. Ìbídùn ṣí fídíò ìgbéyàwó náà.

"Àjàní ọkọ mi!" ni Àsàbí ké látinú kọ̀ǹpútà. "Abínú-má-jẹ̀ẹ́-kọ́bẹ̀-tutù! Ẹni tó bá mi jà láàárọ̀, tó pọnmi fún mi lálẹ́!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún. "Tún un wí, Àsàbí," ló ń bẹ ẹ̀rọ. "Tún un wí kí n gbọ́." Ìyá Ṣékinà náà ń nu ojú, fóònù tí kò níná lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí ni Ìbídùn jẹ́wọ́ pé wọ́n ti ní àpótí náà kú, pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n tú u. Bàbá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́.

"Ebi ló ń pa á," ló wí. Ó wá yí ojú sí Ìbídùn, ó rí egungun ọrùn rẹ̀ tó yọ. "Ìwọ náà ńkọ́? Wọ́n ní o ti ya ọ̀lẹ, wọ́n ní o kì í jí síṣẹ́ mọ́. Àwọn wo ló ń bá ìwọ jẹun?"

Ìbídùn fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. Ó ronú kan àwọn àbúrò rẹ̀ tó wà nílé ìwé, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò níṣẹ́, tí òun nìkan ni gbogbo wọn ń pè fún owó. Kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ó gbé orí lé eékún Bàbá, ó sunkún.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí wọ́n bá ń pe ọmọ kan ní olódo ní Òkè-Àró, tàbí tí wọ́n ní ìyàwó kan ti ya ọ̀lẹ, àgbàlagbà kan á gbé ọwọ́ sókè, á ní: "Kí ẹ tó ní àpótí kú, ẹ wo àwọn tó ń bá a jẹun."