Ìṣubú Ògúndèyí Mọlémọlé

Ògúndèyí ni orúkọ ọkùnrin náà, ìlú Ìsàgbé ni ó sì ń gbé. Iṣẹ́ ilé mímọ ni ó ń ṣe. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, orí ògiri ni ó máa ń rìn bí ẹni ń rìn lójú ọ̀nà oko. Bí ẹ̀rù bá ń ba àwọn tó ń po amọ̀ nísàlẹ̀ nítorí rẹ̀, ẹ̀rín ni yóò máa fi wọ́n rín. Àwọn ará ìlú a máa sọ pé ẹsẹ̀ Ògúndèyí ní ojú.

Kò sí ẹni tí kò mọ àṣà rẹ̀ kan. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, tí ó ti fọ amọ̀ kúrò lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, abẹ́ ọ̀pẹ Láwuyì adẹ́mu ni yóò gbà lọ. Igbá ẹmu kan ni yóò mu níbẹ̀, kì í mu méjì. Níbi ìnáwó pàápàá, bí agbè bá yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àtẹ́lẹwọ́ ni yóò fi bo ẹnu igbá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ rí kí ó máa kọrin lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà rí. Bí bàbá kan bá ń bá ọmọ rẹ̀ tó ń mutí lámujù wí, yóò ní, "Ṣé ìwọ kò rí Ògúndèyí ni? Ṣé òun náà kì í mu ni?"

Báyìí ni ayé rẹ̀ ṣe ń lọ títí ewú fi bo orí rẹ̀. Ó fi ilé mímọ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Mopélọ́lá, ni ó ń tọ́jú rẹ̀, nítorí ilé ọkọ rẹ̀ kò jìnnà. Mopélọ́lá yìí ti wá ọmọ títí, débi pé àwọn tó ń bá a ṣàdúrà ti dákẹ́, kí Ọlọ́run tó fún un ní Àṣàkẹ́. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ já gaara ni, kò sì sí ẹni tó fẹ́ràn bíi bàbá àgbà. Bí ó bá ti jí, ilé Ògúndèyí ni yóò sá lọ.

Ohun gbogbo ti yí padà lára Ògúndèyí, àfi igbá ẹmu rẹ̀ nìkan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n kí ó tó bọ́ ojú tán. Nígbà mìíràn yóò fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú pe Mopélọ́lá. Ó kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn náà ni kò dára. Ó kọsẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ní àwọn tó gbálẹ̀ fi igi sílẹ̀. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú ọ̀nà, ó ní bàtà òun ti jẹ. Kò sí ìgbà tí kò rí nǹkan kan dá lẹ́bi.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ Ọ̀jẹ́lábí, ẹgbẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Òun náà ti mu ẹmu rí, ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di ara àgbà, ó fi í sílẹ̀. Ó ṣì máa ń wá sí abẹ́ ọ̀pẹ nítorí ọ̀rọ̀ sísọ, obì ni yóò máa jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó tẹjú mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá sẹ́nu.

"Ògúndèyí, ó tó gẹ́ẹ́."

"Kí ni ó tó?"

"Ẹmu yìí."

Ògúndèyí gbé igbá sílẹ̀. "O ti rí mi rí kí n yó?"

"N kò rí ọ rí."

"O gbọ́ rí pé mo na ìyàwó, tàbí mo bá ẹnìkan jà lójú ọ̀nà?"

"N kò gbọ́."

"Kí wá ni igbá kan ṣoṣo ṣe ọ́?"

"Igbá náà kò ṣẹ̀ mí," ni Ọ̀jẹ́lábí dáhùn. "Òun náà ni ò ń mu nígbà tí ò ń rìn lórí ògiri. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni ìwọ ìgbà náà mọ́. Ẹrù tí ẹṣin gbé nígbà tí eegun rẹ̀ le, tó sì ń bá a sáré, bí a bá gbé e lé e nígbà tó darúgbó, ẹ̀yìn ni yóò kán an. Ẹrù kò wúwo ju tàtẹ̀yìnwá lọ, ẹ̀yìn ni kò rí bí ó ti rí."

Láwuyì tó ń ta ẹmu kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. "Ẹ má dẹ́rù ba oníbàárà mi o. Bàbá mi mu ẹmu títí ó fi ń fi ọ̀pá rìn, orí ẹní rẹ̀ ni ó sì kú sí wọ́ọ́rọ́wọ́."

Ọkùnrin mìíràn tó jókòó níbẹ̀ ní, "Àbúrò ìyá tèmi kò fi ẹnu kàn án rí, kò sì pẹ́ láyé. Ta ni ó mọ ohun tó ń pa ènìyàn? Ẹmu a máa jẹ́ kí àgbà rí oorun sùn."

"Nígbà tí mo ṣì ń mu ún, oorun tí ó bá fún mi ní alẹ́," ni Ọ̀jẹ́lábí wí, "òun náà ni ó máa ń wá gbà padà kí àkùkọ tó kọ. Èmi kò sọ pé yóò pa gbogbo ènìyàn. Ọ̀rẹ́ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Wọ́n wọn ọ̀rọ̀ náà síwá, wọ́n wọ̀n ọ́n sẹ́yìn, kò sí èyí tó tẹ̀ ju èkejì lọ. Ògúndèyí gbé igbá rẹ̀, ó mu ún tán, ó sì dìde. "Bí mo bá mu méjì, kí o wá bá mi wí," ni ó sọ fún Ọ̀jẹ́lábí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú Àṣàkẹ́ dání lọ sí abẹ́ ọ̀pẹ. Ọmọ náà fẹ́ràn láti máa wo Láwuyì bí ó ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Èjìká bàbá àgbà ni ó máa ń jókòó sí lálọ àti lábọ̀. Àyà Mopélọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó wá bá bàbá rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú Àṣàkẹ́ lọ sí abẹ́ ọ̀pẹ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mú un rìn, ẹ mú un jáde láàárọ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ẹmu tí ẹ máa ń mu, Bàbá."

Ojú Ògúndèyí le. "Ìwọ Mopélọ́lá, ìwọ ni ò ń sọ èyí fún mi? Ta ni ó gbé ọ lé èjìká títí o fi mọ ọ̀nà oko? Mo máa ń mu igbá kan mi lójoojúmọ́ nígbà náà. Ṣé o já bọ́?"

"N kò já bọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà náà…" Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ kò lè wo ojú bàbá rẹ̀ kí ó ní, ẹ ti di arúgbó. Ó dìde, ó sì padà sílé rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó wúwo.

Ọjọ́ tí a ń wí yìí, òjò rọ̀ lọ́sàn-án, ó rọ̀ débi pé ó fọ gbogbo ojú ọ̀nà mọ́. Nígbà tí ó dá, iyanrìn tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ògúndèyí gbé Àṣàkẹ́ kọ́ èjìká, ó lọ sí abẹ́ ọ̀pẹ. Òtútù kò jẹ́ kí ẹlòmíràn jáde. Ó mu igbá kan rẹ̀, ó bá Láwuyì sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì gbé ọmọ náà padà sí èjìká. Kò yó. Ó dá Láwuyì lóhùn dáadáa, ó kí i pé ó dàárọ̀, ó sì ń bá Àṣàkẹ́ sọ̀rọ̀ lọ.

Nílé, Mopélọ́lá rí i pé ilẹ̀ ti ń ṣú, ó sì jáde láti lọ pàdé wọn. Ọ̀jẹ́lábí tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ rí i bí ó ti ń yára lọ, ó mú ọ̀pá, ó tẹ̀lé e. Wọ́n ti ń rí àwọn méjèèjì lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n kàn rí i pé Ògúndèyí fì sápá kan ni, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ igi, ó fẹ́ fì padà, kò lè fì padà. Ó wó lulẹ̀. Ọmọ náà sì fò láti èjìká rẹ̀ lọ síwájú, ó ṣubú lé apá rẹ̀.

Mopélọ́lá kígbe, ó sì ń sáré bọ̀. Àṣàkẹ́ gbé orí sókè nínú iyanrìn. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti ká sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú ni ó ń wò, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń bọ̀. Bí ó ti rí ìyá rẹ̀ ni ó tó bú sẹ́kún, ó na apá kejì sí i.

Ògúndèyí kò wo ọ̀dọ̀ wọn. Ó fẹ́ dìde, ìbàdí rẹ̀ kò gbé e. Ó yí ọrùn, ó ń wo ẹ̀yìn. Ọ̀jẹ́lábí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ ba.

"Ògúndèyí, kí ni ò ń wò?"

"Òkúta tó kọ̀ mí lẹ́sẹ̀ ni mò ń wá."

Ọ̀jẹ́lábí náà wo ẹ̀yìn. Kò sí òkúta. Kò sí gbòǹgbò, kò sí kòtò. Ẹsẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo ni ó wà lójú ọ̀nà náà, ẹsẹ̀ Ògúndèyí, tó hàn ketekete lórí iyanrìn tútù. Èyí tó gbà lọ rọra wọ́ lọ ní tààrà, bí ẹsẹ̀ arúgbó ti í rí. Èyí tó gbà bọ̀ ya sọ́tùn-ún, ó ya sósì, ó wọ inú koríko, ó tún jáde, bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí dé ibi tí ó wó sí.

"Mo rò pé tààrà ni mò ń rìn," ni Ògúndèyí wí. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ọ̀jẹ́lábí, mo rò pé tààrà ni mò ń rìn."

Wọ́n fi ẹní gbé e délé. Wọ́n pe ẹni tó ń to eegun. Apá Àṣàkẹ́ so, ṣùgbọ́n ó so ní wíwọ́, kò sì ká dé ẹnu mọ́. Ọwọ́ òsì ni ó wá fi ń jẹun. Eegun ìbàdí bàbá àgbà kò so rárá. Eegun tó gbó kì í gbọ́ ti ewé bọ̀rọ̀.

Àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó lábẹ́ ọ̀pẹ wá kí i. Láwuyì jókòó sẹ́bàá ẹní, ó ní, "Ọjọ́ orí ni, Bàbá. Ẹni tó ń mu omi nìkan náà a máa ṣubú."

"Bóyá òótọ́ ni o sọ," ni Ògúndèyí dáhùn. "Ọjọ́ orí ń tì mí lẹ́yìn, n kò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹmu, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń gbé e mu. Wọ́n sọ fún mi."



Mopélọ́lá ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Kò dá a lẹ́bi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ògúndèyí a máa retí ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń retí pàṣán, kò dé, èyí ni ó sì ń dùn ún jù. Àṣàkẹ́ kò dẹ́kun wíwá. Ní ọjọ́ kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó fi ọwọ́ òsì fa irùngbọ̀n bàbá àgbà.

"Bàbá àgbà, bí ara yín bá yá, a ó tún lọ wo ọ̀pẹ. Ẹ ó tún gbé mi sí èjìká, àbí?"

Ògúndèyí wo apá wíwọ́ náà. Ó yí ojú sí ògiri. Kí iṣu tuntun tó jáde, ó ti kú.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, àwọn ènìyàn bi Ọ̀jẹ́lábí bí ọ̀rọ̀ náà ti rí gan-an lójú ọ̀nà. Kò bú ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì bú ẹmu. Ó ní, "Àwọn méjèèjì jọ ṣubú ni. Ọmọ gbójú sókè wo iwájú, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tí yóò gbé e dìde ti ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò ní ẹnikẹ́ni níwájú tí yóò gbé e. Ẹ̀yìn ni ó wò, ó rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbà, ibẹ̀ kò sì ṣeé padà sí." Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó rọra lọ sílé.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.