Ọwọ́ Tí Láníhùn Fi Júwe Ilé

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni." Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. Ìyá ìyá mi a máa pa á fún ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá sọ fún àlejò pé ọbẹ̀ ilé wa kò dùn. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín léèrè rí pé ta ni ẹni tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀? Kí sì ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń ṣe lọ́jọ́ náà? Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni èmi náà yóò ṣe sọ ọ́.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Òkè-Igbá tó ń jẹ́ Láníhùn. Òun nìkan ni bàbá rẹ̀ bí, òun nìkan ló sì jogún ilé. Ilé náà dára. Ògiri rẹ̀ nípọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù lọ́sàn-án gangan, igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀, kànga tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ kì í sì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Morádéùn, ọmọ kan ṣoṣo tí Láníhùn àti ìyàwó rẹ̀ bí, wà nílé ọkọ ní òdìkejì odò. Nígbà tí Morádéùn bí ìbejì, ìyá rẹ̀ kò sinmi mọ́. Ó ní òun kò lè máa gbọ́ ìròyìn àwọn ọmọ-ọmọ òun lẹ́nu àwọn tó ń ti ọjà bọ̀. Àwọn àna wọn fún wọn ní ilẹ̀ lọ́hùn-ún, tọkọtaya náà sì fẹnu kò pé àwọn yóò ta ilé, àwọn yóò fi owó rẹ̀ kọ́ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ àwọn. Nítorí pé oko ni wọ́n sin bàbá Láníhùn sí, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́, àwọn àgbà ẹbí kò bá wọn jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló kù: inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọ ilé alámọ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá bọ́ kí ilé tó tà, ó di ọdún tó ń bọ̀, àwọn ìbejì yóò sì ti máa sáré kí ìyá àgbà wọn tó rí wọn pọ̀n.

Ní ìlú náà, Sùúmọ́nù ni alágbàtà tó ń bá àwọn ènìyàn ta ilé. Ẹnu rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi pe ilé ewúrẹ́ ní pálọ̀, tí ẹni tó fẹ́ rà á yóò sì máa wá ibi tí yóò gbé àga sí. Ó wá bá Láníhùn.

"Bàbá Morádéùn, ẹ jẹ́ kí n bá yín tà á. Díẹ̀ péré ni n ó mú nínú rẹ̀."

"Díẹ̀ wo? Alágbàtà tí ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n! Ibi tí mo ti kọ́ ìrìn, ṣé ìwọ ni yóò wá máa júwe rẹ̀ fún ènìyàn?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ilé títà ní ìwà tirẹ̀ ni."

"Ìwà wo ló ní? Ẹni tó fẹ́ rà á ní ojú. Èmi ní ẹnu. Ó parí."

Sùúmọ́nù rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Láníhùn bẹ gbogbo ẹni tó ń lọ sọ́jà pé kí wọ́n bá òun kéde. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí sábẹ́ igi odán tó dojú kọ ilé náà, ó jókòó, ó ń retí oníbàárà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa Láníhùn. Kò ní ìwà burúkú kankan, ṣùgbọ́n bí iyán bá ti dé iwájú rẹ̀, ọba kò lè gbé e dìde. Ó ní iyán dà bí ọ̀rẹ́ tó máa ń yára bínú: bí o bá fi í sílẹ̀ díẹ̀, ìgbà tí o bá fi padà dé, ara rẹ̀ á ti le sí ọ.

Ọjọ́ ọjà kan ni oníbàárà dé. Délànà ni, oníṣòwò obì láti ìlú mìíràn, tó fẹ́ wá fìdí kalẹ̀ ní Òkè-Igbá. Ìyá rẹ̀ arúgbó, tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, wà pẹ̀lú rẹ̀. Àsìkò tí wọ́n dé gan-an ni ìyàwó Láníhùn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí síwájú ọkọ rẹ̀, tó sì bọ́ sọ́jà. Ọwọ́ ọ̀tún Láníhùn ti wọ ọbẹ̀ dé ọrùn ọwọ́.

"Ẹ kú ọ̀sán o," ni Délànà wí.

"Ẹ kú ọ̀sán. Ẹ wá jẹun."

"Á gba ibi ire o. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ilé tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ tà?"

Láníhùn gbé òkèlè mì. Kò dìde. Ó na ọwọ́ òsì. "Òun nìyẹn. Ilé bàbá mi ni."

Ìyá arúgbó dúró. Ó wo ọwọ́, ó wo ilé, ó tún wo ọwọ́. "Ilé bàbá tó bí ọ?"

"Bàbá tó bí mi gan-an, màmá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló máa ń jókòó sí." Ọwọ́ òsì tún nà. "Kànga wà lẹ́yìn, kì í gbẹ." Ọwọ́ òsì yípo orí rẹ̀ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

"Kí ló pa bàbá rẹ?"

"Ọjọ́ ogbó ni, màmá."

"Ṣé o bá a jà kó tó kú ni?"

"Ká jà kẹ̀? Kò sí ẹni tó fẹ́ràn mi tó o." Ó fi òkèlè mìíràn run ọbẹ̀. "Ẹ wọlé lọ wò ó, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀."

Ìyá fa ọmọ rẹ̀ láṣọ. "Délànà, jẹ́ ká máa lọ. Ilé tí ọmọ onílé ń fi ọwọ́ òsì júwe, nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ."

Láníhùn rò pé wọ́n lọ gba ìmọ̀ràn ni. Ó jẹ iyán rẹ̀ tán, ó lá ìka.

Ọ̀rọ̀ kì í sùn lójú ọ̀nà ní Òkè-Igbá. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ń sọ lọ́jà pé ọmọ onílé kò jẹ́ na ọwọ́ gidi sí ilé náà. Nígbà tí ọjà mìíràn yóò fi pé, ọ̀rọ̀ náà ti ní ejò lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tó ṣe sí i, ejò náà ti ń dáhùn bí wọ́n bá kí i. Kò sí oníbàárà tó tún yọjú. Ọyẹ́ lọ, ooru dé, ojú ọ̀run sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ti òdìkejì odò dé ní àwọn ìbejì ti hu eyín.

Sùúmọ́nù ń kọjá lọ, ó dúró lábẹ́ igi odán. "Ẹ̀gbọ́n, ejò yẹn, ṣé ẹ máa tà á mọ́ ilé ni, àbí ẹ ó mú un dání?"

"Ejò wo?"

Sùúmọ́nù sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Láníhùn wọlé tọ ìyàwó rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìbínú. "Ìyá Morádéùn, wọ́n ní ejò wà nínú ilé wa!"

"Èmi náà gbọ́ ọ lọ́jà lónìí, mo sì tọ̀ ọ́ dé ìdí. Ejò náà nìyẹn, tó so mọ́ èjìká yín lápá òsì. Ṣé òun lẹ fi júwe ilé bàbá yín fún ìyá arúgbó?"

Láníhùn wo ọwọ́ rẹ̀. "Iyán ló wà ní ọ̀tún."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo gún un. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá jẹ́ kí ebi pa yín títí wọn yóò fi lọ." Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ọmọ mi pọn ọ̀kan, ó gbé ọ̀kan lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí yóò gbà á. Bí òjò bá ká wa mọ́ ibí, ẹ̀yin àti iyán ni yóò jọ máa gbé ilé yìí o."

Láníhùn dìde. Ó wọ agbádá, ó wá ilé tí Délànà àti ìyá rẹ̀ dé sí nínú ìlú lọ, nítorí wọn kò tíì rí ilé mìíràn rà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, kò sí nǹkan kan nínú ilé náà. Iyán ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi."

"Omi ìfọwọ́ ńkọ́? Ìwọ tí o ní kànga tí kì í gbẹ."

"Iyán ì bá tutù, màmá."

 Ìyá arúgbó bú sẹ́rìn-ín tí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Nítorí iyán! Délànà, o gbọ́? Nítorí iyán!" Ó nu ojú rẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Àlejò kò mọ ilé. Ọwọ́ onílé ló ń wò. Bí ìwọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò bá lè wẹ ọwọ́ nítorí rẹ̀, kí ni èmi fẹ́ lọ rí níbẹ̀? Lọ wẹ ọwọ́ rẹ. A ń bọ̀ lọ́la."

Láníhùn kò fi nǹkan kan kan ẹnu títí wọ́n fi dé. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ilẹ̀kùn, ó sọ irú igi tí ó jẹ́. Ó júwe ihò kékeré tó wà nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀: gìgísẹ̀ bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, níbi tó ti ń jókòó parí ìjà fún àwọn ará àdúgbò. Ó fa omi kànga, ó fún ìyá mu. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ ọ̀tún kan náà sí igun yàrá kan. "Ibí yìí ń jò, bí òjò bá ti ìlà-oòrùn wá."

Ẹnu ya Délànà. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tà á, ẹ ń sọ ibi tó ń jò?"

"Ilé bàbá mi ni. N kò ní í purọ́ mọ́ ọn."

Ìyá arúgbó fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Ọmọ mi, san owó rẹ̀."

Sùúmọ́nù kò rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀, àfi abọ́ iyán kan tí Ìyá Morádéùn gún fún un, nítorí òun ló gbé ìròyìn ejò délé.

Ní ọjọ́ tí tọkọtaya náà ń lọ, òjò àkọ́rọ̀ kò tíì bọ́. Ẹrù wà lórí Láníhùn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi dì í mú. Wọ́n dé orí òkè tó wà létí odò, níbi tí a ti ń rí òrùlé ìlú. Ọlọ́kọ̀ ojú omi bi wọ́n pé, "Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

Ọwọ́ òsì Láníhùn, tó ṣófo, ti ń gbéra. Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Láníhùn dúró. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó nu ọwọ́ ọ̀tún mọ́ aṣọ, ó nà án. "Ṣé ẹ rí òrùlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi odán yẹn? Ilé bàbá mi nìyẹn."

"Wọ́n ní ẹ ti tà á."

"Mo ti tà á. Ilé bàbá mi ni."

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó bá ń bu ilé rẹ̀, ìlú rẹ̀ tàbí àwọn ènìyàn rẹ̀ kù níwájú àlejò, ì báà ṣe pé ó ti kúrò láàárín wọn pátápátá. Wọn kò ní kí a pa ibi tó ń jò mọ́ o. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí a kọ́kọ́ gbé iyán kalẹ̀, kí a wẹ ọwọ́.