Ẹfijẹ́níà, Obìnrin tí ó Mú Ètè Apànìyàn Jẹ́rìí

Dúró níbẹ̀, ìwọ tí ń ka ìwé yìí! Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ, gbé e sílẹ̀ ná. Ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì ké láti inú ilẹ̀, Ọlọ́run sì gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ Tobíà náà ké ní ìlú Òkúta-Funfun, ní ilẹ̀ Bàhíà ní Bùràsílì, èmi yóò sì sọ bí a ṣe dá a lóhùn.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì Damasíọ̀, olówó tí a ń pè bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ ológun, ni ó ni màlúù, òun ni ó ni ọlọ́pàá, síbẹ̀ ojú rẹ̀ wọ ilẹ̀ Òkúta-Funfun bí ojú Áhábù ṣe wọ ọgbà Nábótì. Ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa níhìn-ín ni àwọn ará ìlú náà. Àáké àti omijé ni baba wọn fi ṣán ibẹ̀. Tobíà, aṣáájú wọn, kọ̀, ó ní àwọn kò kúrò. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, a ti ilẹ̀kùn ilé àdúrà mọ́ ọn, a sì dáná sí i. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní àbẹ́là ni ó ṣubú, adájọ́ sì gbà bẹ́ẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì wá pàṣẹ pé kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kí gbogbo ìlú ti kó jáde.

Ẹfijẹ́níà ni àbúrò Tobíà. Abo ẹkùn tí ń sunkún tí kò gbàgbé èékánná rẹ̀! Obìnrin kúkúrú bí ìbọn, tí ìró rẹ̀ ń mi òkè! Ìlú ńlá Sao Paulo ni ó wà nígbà náà, láàárín àwọn olùṣe sinimá tí kò lówó, ní àdúgbò kan tí àwọn gbajúmọ̀ ń pè ní ẹnu ààtàn. Àjẹkù fíìmù àwọn olówó ni wọ́n fi ń ya sinimá. Pósí inú eré, wọ́n yá a ni. Ẹ̀jẹ̀ inú eré, omi tòmátì ni. Kámẹ́rà wọn kì í gba ohùn. Bí wọ́n bá ya àwòrán tán, ìgbà náà ni wọ́n tó ń pe ẹlòmíràn wá fi ohùn sí i. Ohun tó bá wu òṣèré ni ó lè sọ, kí ẹnu ṣáà ti máa mì.

Nígbà tí ó gbọ́ ikú Tobíà, tí ó gbé kámẹ́rà délé, àwọn èèyàn rẹ̀ fi í ṣẹ̀sín. “Ẹ̀gbọ́n, ogun dé, ẹ̀rọ àwòrán lẹ gbé bọ̀?”

“Òkúta wẹ́wẹ́ ni ó pa Gòláyátì,” ni ó wí. “Ìgbéraga ọkùnrin yẹn ni òkúta tèmi.”

Ó tọ Kọ́nẹ́ẹ̀lì lọ. “Ọ̀gá mi, ọba kan wà nínú sinimá tí mo fẹ́ ṣe. Ta ni ó jọ ọba níhìn-ín bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?”

Kọ́nẹ́ẹ̀lì fọwọ́ pa irunmú rẹ̀. “Kí ni n óò máa wí?”

“Ohun tí ó bá wù yín, ọ̀gá mi. Adití ni ẹ̀rọ yìí.”

Wọ́n fi adé bébà dé e. Bí ó ti jókòó, tí ó rí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ tí ń rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ fi ata sí ojú egbò obìnrin náà. “Tobíà rẹ ké bí ewúrẹ́! Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn, èmi ni mo ṣáná sí i. Ayédèrú ni ìwé ilẹ̀ mi. Kí adití rẹ gbọ́!”

Ẹfijẹ́níà sún kámẹ́rà mọ́ ọn. “Ẹ tún un sọ, ọ̀gá mi. Òjìji bo ojú yín díẹ̀.”

Ó tún un sọ.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún, a ta aṣọ funfun sí gbàgede ọjà láti fi sinimá náà hàn. Adájọ́ tuntun láti olú-ìlú wà níbẹ̀, Kọ́nẹ́ẹ̀lì sì jókòó síwájú, ó ń gbéraga. Ẹfijẹ́níà mú Tèrésà ìyá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà. Etí ìyá yìí ti dí láti ìgbà èwe, ojú ni ó fi ń ka ètè èèyàn, kò sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a ya fíìmù. Ọba aládé bébà yọ, ó la ẹnu, ìyá àgbà sì ń sọ ohun tí ó rí: “Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn. Èmi ni mo ṣáná sí i.”

“Irọ́ ni!” Kọ́nẹ́ẹ̀lì fò dìde. “Arúgbó yìí ti ya wèrè!”

Ṣùgbọ́n fíìmù dé ibi tí ó ti tún un sọ. Wàyí o, gbogbo ọjà ti mọ ọ̀rọ̀ náà, ojú wọn sì rí i bí ó ti ń bá ètè rẹ̀ mu wẹ́kú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kà á, tọmọdé tàgbà, títí ìránṣẹ́ rẹ̀ kan fi wólẹ̀ níwájú adájọ́: “Òótọ́ ni! Èmi ni mo gbé kẹrosíìnì!”

Nígbà tí wọ́n de Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ó ń bẹ̀bẹ̀: “Ẹfijẹ́níà, ṣàánú mi.”

“Sọ ọ́ sókè, Kọ́nẹ́ẹ̀lì,” ni ó dá a lóhùn. “Ẹ̀rọ mi dití.”

Ẹ̀wọ̀n ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì kú sí. Títí di òní, kò sí sinimá tí a ń fi hàn ní Òkúta-Funfun, àfi kí a kọ́kọ́ fi ojú ọba bébà yẹn hàn láìsí ohùn, kí àwọn ọmọ Tobíà fi ẹnu ara wọn sọ ọ̀rọ̀ náà, lórí ilẹ̀ tí ó fẹ́ gbà. Àwọn adití ni a sì ń fún ní ìjókòó iwájú.

Ìwọ ńkọ́? Bí ilẹ̀ ọmọ òrukàn bá wà lọ́wọ́ rẹ, tí o sì ń fọkàn balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́, Ọlọ́run ń wo ètè rẹ. Mo bẹ̀ ọ́, yí padà lónìí, kí o dá a padà.