Iṣu Tí Tíṣà Fa Ìlà Pupa Sí

Ọkùnrin kan wà tí ó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe iṣẹ́ tíṣà. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó ní òun kò ní jókòó lásán. Òun yóò kọ ìwé ìtàn ilé bàbá òun. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù tí ó mọ ìtàn náà dáadáa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Tíṣà mọ̀ pé bí ìyá yìí bá lọ, ìtàn náà bá a lọ nìyẹn.

Ní àràárọ̀, ó ń mú ìwé àti báírò méjì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀: búlúù fún kíkọ, pupa fún àtúnṣe. Ní ọjọ́ kẹta, ó bi í nípa ọdún tí odò kún wọ abúlé wọn. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ pé iṣu wà lórí iná lọ́jọ́ náà, kò sì tíì jinná. Tíṣà dá a dúró. Ó ní omi ni òun béèrè, òun kò béèrè iṣu. Ó sì fa ìlà pupa la ọ̀rọ̀ iṣu tí ó ti kọ sílẹ̀ kọjá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́fà ni ó rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó mọ ohun tí pupa ń wí. Ó wo ìwé náà títí, ó ní, "Àlàmú, òdo ni o fún mi yẹn?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí ó bá bi í, èsì kan náà ni: "N kò rántí."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ikọ́ dé sí ìyá náà láyà, ẹ̀rù sì ba tíṣà. Ó wá rántí ọmọ kan tí òun bú níwájú kíláàsì nígbà kan rí nítorí ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Ọmọ náà kò nawọ́ sókè mọ́ títí ó fi jáde ìwé mẹ́fà.

Ní ọjọ́ kejì, ó fi báírò pupa sílẹ̀ nílé. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ka ohun tí ó ti kọ fún un, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi máàkì rẹ̀."

Ìyá náà mi orí. "O kò gbà á. Iṣu dà?"

Tíṣà bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ dé òpin. Gbogbo ilé ti sá gun òkè lọ́jọ́ náà, olúkúlùkù sì rò pé ẹlòmíràn ni ó gbé ọmọ ọwọ́ dání. Ìyá tí ó bí àwọn méjèèjì ní òun kò ní fi iṣu òun sílẹ̀ fún omi. Ó padà. Ibi tí ó ti ń wá ìkòkò ni ó ti rí ọmọ náà lórí ẹní, tí ó ń sùn, tí omi ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ síta.

"Ìwọ ni ọmọ náà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Bí kì í bá ṣe iṣu, ta ni ì bá wá fún mi ní òdo?"

Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń dúpẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Iṣu ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, o ní àgbà nílé. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, tí o sì rò pé ó ti ń yà bàrá, jókòó jẹ́ẹ́. Ó lè jẹ́ ìwọ ni ó ń padà lọ gbé.