Ihò Àsálà Òkéte

Ààlọ́ o! Ẹ dáhùn kíkan, ẹ̀yin ọmọ. Ààlọ̀! Àlọ́ mi sọ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ihò Òkéte, ọ̀gá agbẹ́hò, níbi tí Asín ti ń bá a ṣiṣẹ́.

Òkéte nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò àsálà, ihò ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbà sá jáde bí ọ̀tá bá dé. Asín ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi.” Òkéte kẹ̀yìn sí i, ó ń gbẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún bẹ̀ ẹ́, Òkéte ní kó lọ kó yẹ̀pẹ̀. Nígbà kẹta, Òkéte ní, “Bí o bá mọ̀ ọ́n, ta ni yóò tún pè mí lọ́gàá?”

Lọ́jọ́ tí òkúta ṣẹ́ Òkéte lápá, Oká gba ẹnu ihò wọlé. Wọ́n ń gbọ́ èémí rẹ̀ bó ṣe ń wọ́ bọ̀. Ìgbà náà ni Òkéte wá ń fi orin kọ́ Asín níṣẹ́. Ẹ bá mi gbè é:

Asín, wá ibi tó rọ̀.
*Gbẹ́ ẹ, ká là!*
Oká ti dé ìyẹ̀wù.
*Gbẹ́ ẹ, ká là!*

Asín gbẹ́ ẹ títí èékánná rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì yọ síta. Ó na ọwọ́ sí ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò náà kò gba Òkéte.

“Ọ̀gá, báwo ni mo ṣe máa mú un fẹ̀?”

Òkéte la ẹnu láti sọ fún un, Oká sì fà á padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ó di ọ̀gá lọ́la, ibẹ̀ ni mo fi yín sí.