Ọpẹ́ Tí Kò Dé Orí Òrùlé

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan ní Òkè-Ògùn tí iṣẹ́ páànù kíkàn jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ìlú náà gbóná. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá wọ ilé onípáànù lọ́sàn-án yóò rò pé òun wọ inú ààrò ni. Àwọn olówó ń fi ẹ̀rọ amúlétutù gba ara wọn sílẹ̀, àwọn tí kò ní ń gbé ẹní lọ sábẹ́ igi.

Ọkùnrin yìí lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan irú òrùlé mìíràn ní ọ̀nà jíjìn. Páànù rẹ̀ funfun, ó ń dán, ó sì ń dá oòrùn padà sójú ọ̀run. Wọ́n á tẹ́ fóòmù tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì fi àyè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ilé tí wọ́n bá kàn báyìí, ara a máa tu àwọn tó wà nínú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ á sinmi, fáànù kékeré kan á sì tó wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Oyèkànmí ni àgbà wọn, ó tilẹ̀ ju ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Òun ló máa ń wà lókè téńté, níbi tí àwọn yòókù ń bẹ̀rù láti dé. Oòrùn tí páànù náà ń dá padà, ojú Oyèkànmí ló kọ́kọ́ ń bá. Kí ilé ẹlòmíràn tó tutù, ẹnìkan ní láti dúró nínú ooru yẹn, òun sì ni.

Inú àwọn onílé dùn. Ọkùnrin kan tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ wá bá ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, “Láti ìgbà tí ẹ ti kan òrùlé yẹn, màmá mi ti ń rí oorun sùn lọ́sàn-án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kí bàbá tó wà lókè lọ́jọ́ náà. Ẹ ní mo dúpẹ́ gan-an.” Ọ̀gá dáhùn pé òun yóò sọ fún un. Nọ́ọ̀sì kan tó ní ilé ìgbẹ̀bí náà wá. Ó ní àwọn ọmọ tuntun kì í ké nítorí ooru mọ́, kí ó bá òun kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, pàápàá jù lọ bàbá àgbà inú wọn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní wọn yóò gbọ́.

Wọn kò gbọ́. Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Kì í jẹ òṣìṣẹ́ lówó, kì í sì í bú wọn. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà dùn mọ́ ọn, ó sì dákẹ́ lé e. Ó tún ń bẹ̀rù. Ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, bí Oyèkànmí bá mọ bí wọ́n ṣe ń yìn ín tó, yóò lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, bó bá dé ibi iṣẹ́, ohun tó ń sọ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ìlà tó wà lápá ibẹ̀ yẹn kò tọ́. Ẹ tún un wò.”

Bí Oyèkànmí bá délé lálẹ́, ìyàwó rẹ̀ á bi í pé, “Kí ni àwọn onílé wí?”

Á ní, “Wọn ò wí nǹkan kan.”

Nígbà tó yá, ìyàwó kò bi í mọ́.

Ojú Oyèkànmí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Ó sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá ní eruku ni, kí ó fara dà á kí àwọn parí ilé ìwé tí wọ́n ń kàn lọ́wọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wà lórí òrùlé ilé ìwé náà, ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀ pé apá ibo ni etí òrùlé wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó tún béèrè. Àwọn méjì gun òkè, wọ́n dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n sì mú un sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Dókítà ní ohun tí oòrùn ti bà jẹ́ nínú ojú náà kọjá iṣẹ́ abẹ.

Ọ̀gá lọ kí i nílé. Ìyàwó Oyèkànmí pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà ní, “Kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní gbogbo ọjọ́ ayé òun, irin lásán lòun ń kàn fún àwọn tí kò mọ̀ pé ènìyàn wà lókè.” Ọ̀rọ̀ yìí gún ọ̀gá lọ́kàn. Ó wọlé, ó jókòó ti ọkùnrin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ọpẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ ti ìyá tó ń sùn lọ́sàn-án. Ó sọ ti àwọn ọmọ tuntun.

Oyèkànmí gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣé. Àánú mi ló ń ṣe yín.”

“Òótọ́ ni mò ń sọ, ẹ̀gbọ́n.”

“Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ẹ ò bá ti sọ ọ́ nígbà tí mo ṣì ń gun àkàbà.”

Ọ̀gá dìde, ó lọ wá àwọn tó dúpẹ́ náà. Ìyá aláìsàn ti kú, ọmọ rẹ̀ sì ti kó kúrò ní ìlú. Nọ́ọ̀sì nìkan ló rí, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá. Nọ́ọ̀sì wá. Ó kúnlẹ̀ níwájú afọ́jú náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, ó ń sunkún.

Oyèkànmí fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi í pé, “Ṣé ọ̀gá ló ní kí ẹ wá?”

Obìnrin náà kò lè purọ́. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ọ̀gá ló ní kí n wá.”

Oyèkànmí mi orí, bí ẹni tí ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tún yé sí i. Ó ní kí wọ́n fún àlejò lómi. Ó kú lọ́dún náà, kò sì gbà pé ẹnìkan dúpẹ́ lọ́wọ́ òun rí.

Ìwọ tí mo ń pa àkàwé yìí fún, àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwọn tí a ṣe lóore nínú ọ̀rọ̀ yìí dúpẹ́. Ẹni tí wọ́n fi ọpẹ́ rán ló dá ọpẹ́ náà lọ́nà. Ìwọ náà ní ẹni tó ń dúró nínú ooru kí ara lè tù ọ́. Ó lè jẹ́ ìyàwó rẹ, ó lè jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ. Wọ́n ti yìn ín lójú rẹ, o sì gbé ìyìn náà mì. Dìde báyìí kí o lọ sọ fún un. Mi ò sọ pé yóò gbà ọ́ gbọ́. Ó ti pẹ́ tí o ti dákẹ́.