Síléètì Tí Akọ̀wé Kò Nù Tán

Ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ akọ̀wé nídìí fèrèsé káàdì ní ilé ìwòsàn kan. Bí aláìsàn bá dé, yóò kọ orúkọ àti àdúgbò rẹ̀ sára síléètì, yóò sì nà án sí obìnrin tó ń tọ́jú káàdì nínú yàrá. Káàdì ẹni tí obìnrin yẹn bá kà lára síléètì ni yóò wá jáde, kì í bi èèyàn ní nǹkan mìíràn.

Síléètì mẹ́fà ni wọ́n fún akọ̀wé yìí. Ẹyọ kan ló ń lò. Ó ní bí òun bá kọ ti ẹnì kan tán, òun á fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, òun á kọ ti ẹlòmíràn. Kò kúkú burú. Mobọ́ládé, má rò pé ìyẹn ni mo ń bá a jà sí. Nínù ni mo ń wí.

Ní ọjọ́ kan, èrò pọ̀. Wọ́n gbé aboyún kan dé, ara rẹ̀ ń jó fún ibà, kò lè la ẹnu. Ọkọ rẹ̀ dì mọ́ fèrèsé, ó dárúkọ ìyàwó rẹ̀ àti àdúgbò wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe é kíá!" Akọ̀wé nu orúkọ ẹni tó lọ tán, ó kọ ti aboyún. Àdúgbò ńkọ́? Kò nù ún. Òkè-Àgbò ni aboyún ń gbé, ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀-Ọjà ti ẹni ìṣáájú ṣì wà lára síléètì.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nìyí. Ká ní káàdì kò jáde ni, wọn ì bá fura. Àmọ́ káàdì jáde! Obìnrin kan wà ní Ìsàlẹ̀-Ọjà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà gan-an. Nọ́ọ̀sì yẹ káàdì náà wò, kò rí ìkìlọ̀ kankan, ó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.

Ó ń nu apá aboyún lọ́wọ́ nígbà tó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Ọmọ mẹ́rin tí ẹ ti bí, ṣé wọ́ọ́rọ́wọ́ ni?"

"Ọmọ mẹ́rin kẹ̀? Oyún àkọ́kọ́ wa nìyí o!"

Ọwọ́ nọ́ọ̀sì dúró. Ó sáré padà sí fèrèsé. Akọ̀wé wo síléètì, ó rí Ìsàlẹ̀-Ọjà níbẹ̀, ó nù ún, ó kọ Òkè-Àgbò. Nígbà tí wọ́n rí káàdì tòótọ́, yíǹkì pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé oògùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa obìnrin náà lọ́dún tó kọjá. Wọ́n da ti inú abẹ́rẹ́ nù, wọ́n fún un ní òmíràn. Ó yè.

Mobọ́ládé, ìwọ ni akọ̀wé yẹn. Nínú ètò kọ̀ǹpútà tí o kọ fún ilé ìwòsàn tiwa, ohun kan ṣoṣo, bíi síléètì ẹyọ kan yẹn, lo ń kọ orúkọ àti àdúgbò aláìsàn sí, tí o ń rán lọ wá àkọsílẹ̀ wọn. Ó jẹ́ iṣẹ́ kan tán, o tún rán an ní òmíràn, o kò pa ohun tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́. O ní o ti dán an wò, pé èsì ń jáde. Háà! Ṣé èsì kò jáde fún akọ̀wé ni? Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò yìí, kọ̀ǹpútà kì í sì í fura. Mo bẹ̀ ọ́, dìde kí o lọ tún un ṣe. Oúnjẹ lè dúró.